Wọ́n fẹ́ kí n máa kó àwọn òṣìṣẹ́ orí ayélujára káàkiri ayé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ bá mi dá sí i

ỌmọPeckham kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ gbà mí ṣe olórí ikọ̀ fún èèyàn méjìlélógún tó ń fi laptop ṣiṣẹ́ oṣù. Kì í ṣe ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Oníkálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ wọ́n sanwó kí wọ́n lè jọ máa gbé ìlú kan, kí wọ́n sì jọ ṣí lọ sí òmíràn. Lisbon ní Pọ́túgà ní oṣù kọkànlá, Mexico City ní oṣù kejìlá, Medellín ní Kòlóńbíà ní oṣù kìíní, lẹ́yìn náà Chiang Mai ní Thailand títí oṣù kẹta á fi parí.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn ń ṣiṣẹ́ fún Amẹ́ríkà, mẹ́rin ń ṣiṣẹ́ fún Lọ́ńdọ̀nù níbí. Àwọn mẹ́ta tó kù jẹ́ ọmọ wa tó ń lo páàsìpọ́ọ̀tì Nàìjíríà. Ti ìlú ọba lèmi ń lò. Mo ti bá àwọn èèyàn ṣètò ìgbéyàwó, mo ti kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí Spéènì, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kò jọ ọmọ ilé-ìwé. Kí ni kí n béèrè kí n tó tọwọ́ bọ̀wé? Ṣé kí n bá wọn gbé ilé kan náà? Tí ìjà bá dé ńkọ́?

Afinimọ̀nà kọ:

Àbúrò, kú oríire. Iṣẹ́ yìí ni mo fi jẹun kí n tó bímọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìjà sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó.

Ilé iṣẹ́ tó sọ irú ìrìnàjò yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni Remote Year. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2014, ikọ̀ wọn àkọ́kọ́ sì gbéra láti Prague ní 2015: bí èèyàn 75, ìlú méjìlá láàárín oṣù méjìlá. Ní 2022, Selina tó ní àwọn ilé ìtura káàkiri rà wọ́n. Ní 2024 Selina fúnra rẹ̀ wọ gbèsè, nígbà tí ọdún náà sì fi máa parí, Remote Year ti kógbá wọlé. Èyí tó lórúkọ jù lọ nìyẹn o. Nítorí náà, bi àwọn tó fẹ́ gbà ọ́: ṣé owó tí àwọn méjìlélógún yìí san ni ẹ fi ń gbalé fún wọn, àbí owó ikọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé? Tí onílé ní Medellín bá wá kan ilẹ̀kùn pé wọn ò tíì sanwó, ìwọ ló máa bá níbẹ̀, kò ní bá ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì. Ní kí wọ́n fi owó pàjáwìrì sí ọwọ́ rẹ, owó tí o lè ná lóru láìkọ́kọ́ gba àṣẹ.

Lẹ́yìn owó, aago. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ní Lisbon, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ New York jẹ́ agogo méjì ọ̀sán. Ìyẹn dùn: wọ́n á sùn dáadáa, wọ́n á rìn láàárọ̀, wọ́n á jáde lẹ́nu iṣẹ́ ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Ní Mexico City, ara á tu àwọn ti Amẹ́ríkà, àmọ́ agogo mẹ́ta òru ni àwọn mẹ́rin ti Lọ́ńdọ̀nù á máa wọṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé Chiang Mai, gbogbo rẹ̀ á dojú rú. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún New York á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á dìde ní agogo márùn-ún ìdájí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún California, ọ̀gànjọ́ òru ni tiẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta, Amẹ́ríkà á tún ti aago wọn síwájú, Thailand kò ní ti tiẹ̀, ẹni tí kò bá rántí á pẹ́ dé ìpàdé ní ọjọ́ Ajé.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọ ni pé ikọ̀ méjì lo máa kó, kì í ṣe ẹyọ kan: àwọn tó ń sùn lálẹ́ àti àwọn tó ń sùn lọ́sàn-án. Má ṣe fi wọ́n sí yàrá tó fara kan ara wọn. Má sì fi gbogbo fàájì sí alẹ́, torí àwọn kan á sanwó kíkún, wọn ò sì ní rí nǹkan kan bá wọn lọ.

Wáìfáì nìkan ló kù. Gbogbo onílé ló máa sọ pé tòun yára. Ní kí ó wọ̀n ọ́n lójú rẹ lórí fídíò, kó o wo iye tó ń gbé jáde, má wo iye tó ń gbé wọlé nìkan. Ìpàdé Zoom tó mọ́ kedere lè gba bíi Mbps 3 (Mbps ni wọ́n fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yára tó) ní jíjáde fún ẹnì kan. Tí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá wọ ìpàdé lẹ́ẹ̀kan náà, 45 nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí fíìmù. Ra síìmù ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan kí ikọ̀ tó dé. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń sanwó ìrìnàjò yìí. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ torí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ, kò sí òkè tàbí etíkun tó o lè fi hàn án tí á fi dárí jì ọ́.

Kọ́dàÌbàdàn kọ:

Ẹ̀gbọ́n Afinimọ̀nà, mo gba ti wáìfáì, mo gba ti aago. Ibi tẹ́ ẹ parí ọ̀rọ̀ sí ni n kò gbà. Tó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì làwọn èèyàn ń wá, wọn ì bá jókòó sí Bódìjà bíi tèmi, pẹ̀lú sólà àti Starlink. Ohun tí wọ́n ń rà ni pé wọn ò fẹ́ máa dá jẹun.

Èmi náà ti bá irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn, kì í ṣe olórí, ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni mí. Olórí wa mọ ètò ṣíṣe jù. Ọkọ̀ kì í pẹ́, kọ́kọ́rọ́ kì í sọnù. Àmọ́ ó kó wa sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ káàkiri ìlú, ó ń fi àwòrán àtẹ ètò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó parí. Nígbà tá a fi máa ṣí kúrò ní ìlú kejì, àwọn kan wà tí n kò mọ ohùn wọn. Arábìnrin kan nínú wa gbọ́ ikú bàbá rẹ̀, a ò mọ̀ títí tó fi wọkọ̀ òfuurufú padà sílé. Ọmọ Peckham, se oúnjẹ fún wọn. Kí ẹ jọ jókòó yí tábìlì kan ká lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mú laptop wá. Ìyẹn náà iṣẹ́ ni.

PáàsìAláwọ̀Ewé kọ:

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa mẹ́ta yẹn ló kàn mí, torí ojú mi ti rí i. Tí àtẹ ìrìnàjò bá ti ọwọ́ ẹni tó ń lo páàsìpọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà jáde, ó máa ń rò pé gbogbo ayé ló ń wọ Lisbon bíi ẹni wọ ilé ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe ń lọ. Pọ́túgà wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà. Àwọn mẹ́ta yẹn nílò físà, ìwé físà náà sì lè sọ iye ọjọ́ gan-an tí wọ́n fún wọn. Àwọn tó kù nínú ikọ̀, ìwọ náà pẹ̀lú páàsìpọ́ọ̀tì ìlú ọba rẹ, ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 ni gbogbo Schengen fún yín, nítorí náà bi wọ́n bóyá ẹnì kan ti lo oṣù méjì ní Jámánì tàbí Spéènì ṣáájú kó tó pàdé yín.

Mexico ṣe dáadáa fún wa díẹ̀. Ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà, ìlú ọba, Japan tàbí Schengen tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kò nílò físà Mexico. Ìṣòro ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “tó ṣì ń ṣiṣẹ́” yẹn. Tí wọ́n bá fún ọmọ Nàìjíríà ní físà Schengen ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ péré fún Lisbon, á ti kú kó tó dé Mexico City. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ ṣàlàyé nínú lẹ́tà tẹ́ ẹ bá kọ sí ọ́fíìsì físà Pọ́túgà, kí wọ́n lè fún wọn ní ọjọ́ tó gùn.

Tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ibi tí ọkọ̀ ti máa dúró. Láti Mexico City dé Medellín, ọkọ̀ tó lọ tààrà wà, àmọ́ àwọn kan tówó wọn dín lè gba Miami ní Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà kò mọ ohun tó ń jẹ́ “mo kàn ń kọjá ni”. Tí o kò bá ní físà wọn, wọn ò ní jẹ́ kó o wọ ọkọ̀ náà rárá. Mo rí olórí ikọ̀ kan tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kan náà fún gbogbo èèyàn kó lè rí ẹ̀dínwó. Ó rí ẹ̀dínwó. Ó tún ra ti ẹni kan lẹ́ẹ̀mejì.

Kòlóńbíà àti Thailand, físà ni méjèèjì fún wa, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Thailand ní físà kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024 fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti òkèèrè, DTV ni wọ́n ń pè é. Ọdún márùn-ún ni, ọjọ́ 180 lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ wọ́n fẹ́ rí 500,000 baht nínú àkáǹtì. Èyí sì mú mi dé orí ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ dáhùn, kì í ṣe ìwọ: ìlú wo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni òfin ti gbà kí ẹni tó wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tó wà lókèèrè? Ṣé ọ̀gá àwọn méjìlélógún yìí tiẹ̀ mọ̀ pé wọn ò sí nílé? Àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ ìlera kan kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà wọn ní orílẹ̀-èdè míì.

Ohun kan tún wà. Má ṣe béèrè ọ̀rọ̀ físà wọn lójú gbogbo ẹgbẹ́. Pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó máa ń tini lójú.

Tí wọ́n bá ń wá ìlú tí ọmọ Nàìjíríà lè wọ̀ láìsí wàhálà yìí, kí wọ́n wo Cape Verde. ECOWAS ni, ọjọ́ 90 láìsí físà. Síbẹ̀ kí wọ́n mú ẹ̀rí owó àti ti ilé tí wọ́n máa sùn dání.

ÌyáÌbejìHouston kọ:

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ jẹ́ kí n yára sọ tèmi kí n tó wọṣẹ́.

Yẹ́lò káàdì! Ẹni tó bá ti Kòlóńbíà wá, Thailand ń béèrè abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Gbogbo yín pátá ni, oyìnbó àti ẹni dúdú. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì náà tó ṣiṣẹ́, torí náà má jẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọkọ̀. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan láyé ti tó.

Oògùn ńkọ́? Adderall tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níbí ń lò kí ọkàn wọn lè pa pọ̀ sí iṣẹ́, èèwọ̀ ni ní Thailand. Ìwé dókítà kò gbà wọ́n níbẹ̀. Sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n bá dókítà wọn wá òmíràn.

Mexico City ga tó mítà 2,240. Àwọn kan á máa mí gúlegúle ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, orí á máa fọ́ wọn. Omi, oorun, kí wọ́n fi ọtí sílẹ̀ díẹ̀.

Ta ló tiẹ̀ fi Chiang Mai sí oṣù kejì àti ìkẹta? Àsìkò tí wọ́n ń dáná sun oko àti igbó nìyẹn. Èéfín á bo ìlú náà débi pé wọn ò ní rí òkè Doi Suthep tó wà níwájú wọn. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ bá wọn débẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n lọ sí gúúsù, tàbí kí wọ́n gbé Thailand ṣáájú.

Ọ̀kadà: tí o kò bá ní láísẹ́ńsì ọ̀kadà, ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì kò ní san kọ́bọ̀.

Afinimọ̀nà kọ:

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Medellín kún un. Ní oṣù kìíní 2024, ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Bogotá kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ìlú wọn: ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́jọ ló kú ikú tó ń kọ ni lóminú ní Medellín láàárín oṣù méjì, àwọn mélòó kan nínú wọn sì ti ń bá ẹni tí wọ́n pàdé lórí áàpù ìfẹ́ jáde. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fi sínú ohun mímu, scopolamine, ẹni tó bá mu ún á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé káàdì báńkì kalẹ̀. Sọ ọ́ fún wọn ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé, láìdẹ́rù bà wọ́n, láìsì fi ṣàwàdà. Kí wọ́n máa pàdé níta, kí ẹnì kan mọ ibi tí wọ́n wà. Ìlú náà dùn o, èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju Lisbon lọ.

ỌmọPeckham kọ:

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi ti fẹ́ wú. Yẹ́lò káàdì kò sí nínú gbogbo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti kọ̀wé padà sí wọn lórí aago, físà àti èéfín. Wọ́n ti dáhùn kan: wọ́n ní inú ilé àwọn èèyàn náà ni olórí ikọ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé, “kó lè dà bí ẹbí”. Ẹ̀gbọ́n Afinimọ̀nà, ẹ ò tíì sọ ti ìjà.

Afinimọ̀nà kọ:

“Ẹbí”! Ẹbí tó ń sanwó oṣù fún ẹ, tó sì lè kọ àtakò sí ọ̀gá rẹ.

Ìjà á wà. Kì í sábà jẹ́ lórí ohun ńlá. Abọ́ tí wọn ò fọ̀, ẹni tó ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú ohùn òkè nínú pálọ̀, ẹni tó gba yàrá tó ní fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Èyí tó máa ń le jù ni ìfẹ́. Méjì á fẹ́ra ní ìlú àkọ́kọ́, wọ́n á kọra ní ìkejì, gbogbo ikọ̀ á pín sí méjì lórí ẹni tó jẹ̀bi. Má ṣe dá ẹjọ́ yẹn. Gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì lọ́tọ̀, bi wọ́n ohun tí wọ́n nílò kí wọ́n lè parí oṣù náà ní àlàáfíà, yí yàrá padà tó bá gbà bẹ́ẹ̀, kó o sì pa ẹnu mọ́. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn.

Lórí WhatsApp, gúrúùpù méjì ni kó o ṣí. Ọ̀kan tí ìwọ nìkan ń kọ̀wé sí: àdírẹ́sì, aago ọkọ̀, nọ́ńbà ilé ìwòsàn. Èkejì tiwọn ni, kí wọ́n máa ṣeré níbẹ̀, má sì máa wọ̀ ọ́ ṣe ọlọ́pàá.

Ìbéèrè tó yẹ kó wà nínú ìwé tó o bá tọwọ́ bọ̀ ni èyí: ta ló lè lé èèyàn kúrò nínú ikọ̀? Tí ọkùnrin kan bá ń yọ obìnrin lẹ́nu, tí obìnrin náà wá bá ọ ní agogo kan òru, ṣé o lágbára láti mú ọkùnrin yẹn kúrò nínú ilé lóru yẹn, kí ilé iṣẹ́ sì san owó hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀? Tí wọ́n bá ní kó o kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, má gba iṣẹ́ yẹn.

Ti ilé, èmi kì í bá wọn gbé. Òpópónà kan náà, ilé ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ nínú yàrá kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó kanlẹ̀kùn béèrè ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀.

Kọ́dàÌbàdàn kọ:

Ẹ̀gbọ́n, níbi ilé yìí, tiyín yàtọ̀ sí tèmi. Olórí tó ń gbé ilé ọ̀tọ̀, ọlọ́fíìsì ló ń yà. Obìnrin tẹ́ ẹ sọ pé á wá bá a ní agogo kan òru yẹn, ṣé á jáde sí òpópónà Medellín kó tó rí i ni?

Afinimọ̀nà kọ:

Ìbéèrè yẹn mú mi. Ó dáa: ilé kan náà, àmọ́ ilẹ̀kùn tó ń jáde síta lọ́tọ̀, àti ilé ìdáná tirẹ̀. N kò lè sọ̀ kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ÈkóSíBàhíà kọ:

Ẹ máa dárí jì mí, mo yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ Chiang Mai torí èéfín, ẹ sọ Salvador ní Brazil fún wọn. Wákàtí méjì péré ló fi ṣáájú New York ní oṣù kejì, kò sí pé ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ òru. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kí oṣù kejì tó wọlé, ọjọ́ kejì oṣù náà ni ọdún Yemọja ní Rio Vermelho, àdúgbò kan níbẹ̀, gbogbo ìlú á wọ aṣọ funfun, wọ́n á máa gbé òdòdó lọ sínú òkun. Ẹ̀yin náà á jẹ àkàrà lójú pópó lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń dín in nínú epo pupa. Àwọn ọmọ wa mẹ́ta yẹn nílò físà, àwọn ará Amẹ́ríkà náà tún nílò rẹ̀ báyìí láti 2025, fún ìgbà àkọ́kọ́ àwọn tó pọ̀ jù nínú ikọ̀ á mọ bó ṣe ń rí. Kànífà, àríyá ńlá tí wọ́n ń ṣe ní ìta gbangba, máa ń bọ́ sí oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ilé á wọ́n, ariwo á pọ̀, ẹ má fi ìpàdé pàtàkì sí ọ̀sẹ̀ yẹn.

ỌmọPeckham kọ:

Wọ́n ti dáhùn. Wọ́n gbà láti gbé Thailand kúrò nínú oṣù kẹta, wọ́n á wo Salvador. Wọ́n gbà kí n lè mú èèyàn kúrò nínú ilé lóru láìdúró de lẹ́tà. Wọ́n gbà owó pàjáwìrì, àmọ́ wọn ò sọ iye. Lórí ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ wọ́n ní ó di ìlú dé ìlú. Mo tún béèrè ọjọ́ ìsinmi mi, wọn ò tiẹ̀ fèsì sí i.

Afinimọ̀nà kọ:

Tún un béèrè. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí fóònù ikọ̀ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí iye owó pàjáwìrì náà sì wà nínú ìwé, ní dọ́là. Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, sọ fún wọn pé oṣù Lisbon nìkan lo máa bá wọn ṣe, kẹ́ ẹ tún jókòó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

PáàsìAláwọ̀Ewé kọ:

Bó o ṣe ń dúró de èsì wọn, pe àwọn mẹ́ta yẹn lónìí. Ọjọ́ ìpàdé físà Pọ́túgà ní Èkó kì í yá rí, oṣù kọkànlá kò sì jìnnà. Bi wọ́n bóyá páàsìpọ́ọ̀tì wọn ṣì ní tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ máa parí ìrìnàjò, àti bóyá ojú ewé tó ṣófo kù nínú rẹ̀ fún físà àti òǹtẹ̀ ìlú mẹ́rin.